Ilẹ̀kùn Pandharpur: Ìfọkànsìn àti Ìyánhànhàn fún Ìdáǹdè Ẹ̀mí nínú Ìtàn Ẹ̀sìn Híńdù

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ìtàn ìfọkànsìn tí àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ń pè ní bhakti, àti bí ó ṣe tan mọ́ ìyánhànhàn ọkàn fún ìdáǹdè tí wọ́n ń pè ní moksha. Ìlú Pandharpur ní ìpínlẹ̀ Maharashtra, ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Íńdíà, ni iṣẹ́ náà gùn lé. Ohun tí ó fi hàn ni pé bhakti la ọ̀nà ìdáǹdè sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn ní èdè abínibí wọn, ó sì yí ìtumọ̀ ìdáǹdè fúnra rẹ̀ padà. Síbẹ̀, kò ṣí ilẹ̀kùn tẹ́ḿpìlì fún gbogbo wọn. Àlàfo tó wà láàrin ọ̀nà tí a là àti ilẹ̀kùn tí a tì ni ó bí ìjàkadì tó wọ inú ọ̀rúndún ogún.

Ìfáárà

Bí ènìyàn bá dé ẹnu-ọ̀nà ńlá tẹ́ḿpìlì òrìṣà Vitthal ní Pandharpur, ohun ìrántí méjì ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé kí ó tó wọlé. Èkíní ni àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ pátápátá, èyí tí wọ́n ń fi orúkọ Namdev pè. Aránṣọ ni Namdev í ṣe. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé òun fúnra rẹ̀ ni ó tọrọ pé kí àtẹ̀gùn náà jẹ́ ibi ìsinmi òun, kí ẹsẹ̀ gbogbo olùfọkànsìn lè máa kan òun bí wọ́n bá ń wọlé. Èkejì ni ibojì Chokhamela, tó wà ní ìta, tó dojú kọ àtẹ̀gùn yìí. Mahar ni Chokhamela, ọ̀kan lára àwọn ènìyàn tí àwùjọ Híńdù kà sí ẹni tí a kì í fọwọ́ kàn. Òfin ẹ̀sìn ìgbà náà kò gbà á láàyè láti wọ inú tẹ́ḿpìlì òrìṣà tí ó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọrin yìn.

Olùfọkànsìn ni àwọn ọkùnrin méjèèjì. Ìtàn sọ pé ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Ẹnu-ọ̀nà kan náà ni wọ́n ti ń rántí wọn. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé Namdev ni ó yan ẹnu-ọ̀nà fúnra rẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n yàn án fún Chokhamela. Ìyàtọ̀ yìí ni ó gbé ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn kalẹ̀: bí ìfọkànsìn bá lè tú ọkàn ènìyàn sílẹ̀ lọ́dọ̀ Ọlọ́run, kí ni ó lè ṣe nípa ìgbèkùn tí ènìyàn fi ènìyàn ẹgbẹ́ rẹ̀ sí?

Ìtumọ̀ Ìgbèkùn àti Ìdáǹdè

Kò sí bí a ṣe lè mọ rírì ìfọkànsìn àwọn Híńdù bí a kò bá kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń wá ìdáǹdè kúrò nínú rẹ̀. Àwọn ìwé Upanishad tó pẹ́ jù lọ, tí àwọn onímọ̀ gbà pé wọ́n jẹ yọ láàrin nǹkan bí ọdún 800 sí 300 ṣáájú ìbí Kristi, ni wọ́n la ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé ọkàn ènìyàn, tí wọ́n ń pè ní atman, kì í kú. Bí ara bá kú, ọkàn a tún bọ́ sínú ara mìíràn. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹni, rere tàbí búburú, tí wọ́n ń pè ní karma, ni ó ń pinnu irú ìbí tí ènìyàn yóò tún bí. Àyípoyípo ìbí àti ikú yìí ni samsara.

Ó yẹ kí òǹkàwé Yorùbá ṣọ́ra níbí. Ohun ayọ̀ ni àtúnwáyé láàrin Yorùbá. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ ọmọ ní Babátúndé tàbí Yétúndé. Lójú àwọn onímọ̀ Híńdù, ìgbèkùn ni. Ẹni tó tún ayé wá tún padà wá sínú àìsàn, ọjọ́ ogbó, ìpínyà àti ikú ni. Moksha ni ìtúsílẹ̀ pátápátá kúrò nínú àyípoyípo náà. Ìyánhànhàn fún ìtúsílẹ̀ yìí lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn onímọ̀ kan fi kà á mọ́ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ní kí olùkọ́ tó gbà á: ẹni tí kò bá fẹ́ ìdáǹdè tọkàntọkàn kò tíì ṣe tán láti kẹ́kọ̀ọ́ nípa rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ta ni ó lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀kọ́ náà? Èdè Sanskrit ni wọ́n fi ń kọ́ni ní ìwé mímọ́ Veda. Àwọn ọkùnrin inú ipò ìbí mẹ́ta òkè nìkan ni òfin gbà láàyè láti kọ́ ọ, ìyẹn Brahmin tí wọ́n jẹ́ àlùfáà àti onímọ̀, Kshatriya tí wọ́n jẹ́ jagunjagun àti ọba, àti Vaishya tí wọ́n jẹ́ oníṣòwò àti àgbẹ̀. Àwọn Shudra, tí iṣẹ́ ìsìn fún àwọn tó kù jẹ́ ìpín tiwọn, kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ. Òfin kan náà ni ó sé àwọn obìnrin mọ́. Ní ìsàlẹ̀ gbogbo wọn ni àwọn tí a kì í fọwọ́ kàn, tí wọ́n ń kó òkú ẹran, tí wọ́n ń fá awọ, tí wọ́n sì ń gbé ẹ̀yìn ìlú. Lójú òfin, bí òjìji wọn bá kan ohun mímọ́, ó ti di aláìmọ́. Nípa bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn tí ayé nira fún jù ni kò sí ọ̀nà fún láti wá ìdáǹdè kúrò nínú rẹ̀.

Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà

Ìwé tó kọ́kọ́ yí ọ̀rọ̀ yìí padà lọ́nà tó hàn gbangba ni Bhagavad Gita. Apá kan ni ó jẹ́ nínú ìtàn akọni gbọọrọ tí wọ́n ń pè ní Mahabharata. Orí 18 àti ẹsẹ 700 ni ó ní. Ní ojú ogun ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti wáyé, láàrin Arjuna, jagunjagun tí ọwọ́ rẹ̀ rọ nígbà tó rí àwọn ìbátan rẹ̀ ní ìhà kejì, àti Krishna tó ń wa kẹ̀kẹ́ ogun rẹ̀, tó sì jẹ́ Ọlọ́run tó gbé àwọ̀ ènìyàn wọ̀.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọ̀nà mẹ́ta ni Krishna fi han Arjuna. Ọ̀nà ìmọ̀ ni èkíní, ìyẹn kí ènìyàn mọ òtítọ́ nípa ọkàn rẹ̀. Ọ̀nà iṣẹ́ ni èkejì, ìyẹn kí ènìyàn ṣe ojúṣe rẹ̀ láìfojú sí èrè. Ẹ̀kẹta ni bhakti, kí ènìyàn fi ìfẹ́ fa ara rẹ̀ lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Nínú orí kẹsàn-án, ó sọ pé àwọn obìnrin, Vaishya àti Shudra pàápàá, bí wọ́n bá sá di òun, yóò dé ibi gíga jù lọ. Ewé àti òdòdó, èso àti omi tó bá ti ọwọ́ ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ wá tó fún un.

Ó yẹ kí a kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ náà kò fagi lé ipò ìbí. Ìwé kan náà ni ó sọ pé ó sàn kí ènìyàn ṣe iṣẹ́ ìran tirẹ̀ láìpé ju kí ó ṣe ti ẹlòmíràn dáadáa. A ṣí ọ̀nà ọ̀run. A kò sì ṣí ààlà ilẹ̀. Láti inú Bhagavad Gita ni ìjà ọjọ́ iwájú ti bẹ̀rẹ̀.

Orin Ìfọkànsìn ní Èdè Abínibí

Èdè Sanskrit ni wọ́n fi kọ Bhagavad Gita, nítorí náà ìlérí inú rẹ̀ kò lè dé etí ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí a ṣe é fún. Ilẹ̀ Tamil, ní gúúsù Íńdíà, ni ìfọkànsìn ti kọ́kọ́ wọ aṣọ èdè abínibí. Láàrin ọ̀rúndún kẹfà sí ìkẹsàn-án, àwọn akéwì tí wọ́n ń fi èdè Tamil kọrin ń lọ láti tẹ́ḿpìlì dé tẹ́ḿpìlì. Àwọn 12 tí wọ́n ń yin Vishnu ni wọ́n ń pè ní Alvar; àwọn 63 tí wọ́n ń yin Shiva ni Nayanmar. Obìnrin kan ṣoṣo, Andal, wà láàrin àwọn Alvar. Nammalvar, tí wọ́n kà sí ọ̀gá láàrin wọn, kì í ṣe Brahmin. Nígbà tí Nathamuni kó orin wọn jọ sínú ìwé kan, ó ní nǹkan bí ẹsẹ 4000, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ wọ́n nínú ìsìn tẹ́ḿpìlì pẹ̀lú Veda. Èdè ìyá ti bá èdè àlùfáà jókòó lórí ẹní kan.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn náà hàn nínú ìtàn wọn. Nandanar, tí ó jẹ́ ẹni tí a kì í fọwọ́ kàn, fẹ́ rí Shiva ní tẹ́ḿpìlì Chidambaram. Gẹ́gẹ́ bí Sekkilar ti kọ ọ́ ní ọ̀rúndún kejìlá, inú iná ni ó kọ́kọ́ gbà kọjá kí ó tó wọlé, tó sì jáde nínú iná náà bí Brahmin. Ìtàn náà buyì fún Nandanar. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pẹ̀lú pé kò lè wọlé bí ó ṣe wà.

Àwọn onímọ̀ kò gbẹ́yìn. Shankara, ní ọ̀rúndún kẹjọ, kọ́ni pé ìmọ̀ ni ó ń fúnni ní moksha: kí ọkàn mọ̀ pé òun àti Brahman, orísun ohun gbogbo, kì í ṣe méjì. Ramanuja, tó ṣiṣẹ́ ní Srirangam láàrin ọ̀rúndún kọkànlá àti ìkejìlá, kò gbà bẹ́ẹ̀. Lójú tirẹ̀, ọkàn tó rí ìdáǹdè kì í pòórá sínú Ọlọ́run. Ó wà láàyè lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ń fẹ́ ẹ, ó sì ń sìn ín. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Bí ìdáǹdè bá jẹ́ ìfẹ́, a jẹ́ pé ẹni tó bá ti ní ìfẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ ọ wò ní ayé níbí.

Láti gúúsù, orin náà tàn káàkiri. Basava àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ ní èdè Kannada ní ọ̀rúndún kejìlá. Ní àríwá, Kabir ahunṣọ àti Ravidas tó ń ṣiṣẹ́ awọ kọ ọ́ ní ìlú Banaras. Mirabai, ọmọ ọba, fi ààfin ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún nítorí ìfẹ́ Krishna.

Pandharpur àti Àwọn Varkari

Ní Maharashtra, orí òrìṣà kan ni ìfọkànsìn sọ̀ kalẹ̀ sí. Òrìṣà náà ni Vitthal, tí wọ́n gbà pé Krishna ni. Ó dúró lórí bíríkì, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí. Ìtàn sọ pé nígbà tí òrìṣà náà wá kí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Pundalik, ó bá a níbi tó ti ń tọ́jú bàbá àti ìyá rẹ̀. Pundalik kò dìde. Ó ju bíríkì kan sí i pé kí ó dúró lé e lórí títí òun yóò fi parí. Òrìṣà náà sì dúró, ó wà níbẹ̀ títí dòní. Ohun tí ìtàn yìí ń kọ́ni ni pé kò di dandan kí ènìyàn sá lọ sínú igbó kí ó tó rí ìdáǹdè. Ọlọ́run lè wá dúró de ẹni tó ń ṣe ojúṣe rẹ̀ nínú ilé.

Jnaneshwar ni ó fi ìpìlẹ̀ ìmọ̀ sí ìfọkànsìn yìí. Ọmọ Brahmin ni, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ti kọ́kọ́ di aṣẹ́ra-ẹni kí ó tó padà sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀. Nítorí èyí, àwọn Brahmin lé gbogbo ìdílé náà jáde nínú ẹgbẹ́. Ní ọdún 1290, Jnaneshwar, tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ gẹ́gẹ́ bí ìṣirò ìbílẹ̀, parí ìtúmọ̀ Bhagavad Gita sí èdè Marathi pẹ̀lú àlàyé tó tó nǹkan bí ẹsẹ 9000. Ìlérí Krishna ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dé etí àgbẹ̀, aránṣọ àti ìránṣẹ́bìnrin. Janabai, tó jẹ́ ìránṣẹ́ nínú ilé Namdev, fi orin sọ bí Vitthal ṣe ń bá òun lọ ọkà tó sì ń bá òun gbálẹ̀.

Àwọn olùfọkànsìn yìí ni wọ́n ń pè ní Varkari, ìyẹn àwọn tó ń rìn ìrìn-àjò mímọ́ déédéé. Wọ́n ń fi ìlẹ̀kẹ̀ igi tulsi sí ọrùn, wọn kì í sì í jẹ ẹran. Lọ́dọọdún, láàrin oṣù Kẹfà àti oṣù Keje, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Pandharpur. Wọ́n ń gbé bàtà mímọ́ Jnaneshwar láti Alandi, wọ́n sì ń gbé ti Tukaram láti Dehu. Ìrìn náà jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 250, ó sì ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ni ó ń kópa nínú rẹ̀ pẹ̀lú orin lẹ́nu.

Tukaram, oníṣòwò kékeré tó gbé ayé ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ni ó gbé èrò wọn nípa moksha dé góńgó. Ìyàn ọdún 1630 sí 1632 pa ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀, ó sì ba òwò rẹ̀ jẹ́. Ó mọ ìyà ayé dáadáa. Síbẹ̀, nínú àwọn orin rẹ̀ kan, ó sọ pé òun kò bìkítà fún moksha; kí Ọlọ́run jẹ́ kí òun tún ayé wá, bí òun bá ṣáà lè máa kọrin rẹ̀ láàrin àwọn ènìyàn mímọ́. Ọ̀rọ̀ ti yí bírí. Ohun tí àwọn Upanishad pè ní ìgbèkùn ni Tukaram ń tọrọ. Ìyánhànhàn fún ìdáǹdè ti di ìyánhànhàn láti wà nítòsí Ọlọ́run, ẹni tó bá sì wà nítòsí rẹ̀ ti dòmìnira.

Ẹni tó Wà ní Ìta

Bí ìdáǹdè bá jẹ́ wíwà nítòsí, ọ̀rọ̀ Chokhamela wá di èyí tó le jù. Ní ìlú Mangalvedha ni ó ń gbé. Iṣẹ́ àwọn Mahar ni láti máa wọ́ òkú màlúù jáde, kí wọ́n sì máa tún odi ìlú ṣe. Òun, ìyàwó rẹ̀ Soyarabai, àbúrò rẹ̀ obìnrin Nirmala, àti ọmọ rẹ̀ Karmamela ni gbogbo wọn jẹ́ akéwì. Àwọn orin tí a fi orúkọ Chokhamela pè nìkan lé ní 300.

Ohùn méjì ni a ń gbọ́ nínú orin wọn. Nígbà mìíràn, Chokhamela gbà pé iṣẹ́ ayé àtẹ̀yìnwá ni ó sọ òun di Mahar. Nígbà mìíràn, ó béèrè ẹni tí ó mọ́ láàrin ènìyàn, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé inú ẹ̀jẹ̀ ni a ti bí gbogbo ara. Soyarabai béèrè irú ìbéèrè kan náà. Karmamela kò fi ìrẹ̀lẹ̀ bo ẹ̀dùn ọkàn tirẹ̀: ó bi Ọlọ́run léèrè ìdí tí ó fi dá àwọn sí ipò àwọn tí ń jẹ àjẹkù oúnjẹ ẹlòmíràn. Ìrora bàbá jẹ́ ti ẹni tó ń wo ilẹ̀kùn. Ti ọmọ jẹ́ ti ẹni tó ń béèrè ẹni tó tì í.

Ní ọdún 1338, odi kan ní Mangalvedha wó pa Chokhamela àti àwọn òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìtàn sọ pé Namdev ni ó lọ wá egungun rẹ̀, tó sì dá a mọ̀ nítorí pé orúkọ Vitthal ń dún láti inú egungun náà. Ó gbé e wá sí Pandharpur, ó sì sin ín sí ibi tó sún mọ́ òrìṣà náà jù lọ tí wọ́n lè gbà fún Mahar, ìyẹn iwájú àtẹ̀gùn.

Kò sí àní-àní pé àwọn Varkari bọlá fún un. Wọ́n ń kọ orin rẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n nígbà tí Irawati Karve, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá, bá wọn rin ìrìn-àjò náà ní àárín ọ̀rúndún ogún, ó ṣàkíyèsí pé orin kan náà ni gbogbo wọn ń kọ, síbẹ̀ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń rìn, ó sì ń jẹun lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ipò ìbí wọn.

Láti Ọ̀dọ̀ Chokhamela dé Ọ̀dọ̀ Ambedkar

Ọ̀rúndún mẹ́fà lẹ́yìn ikú Chokhamela, Mahar mìíràn tún dúró níwájú ilẹ̀kùn tẹ́ḿpìlì. Bhimrao Ambedkar, tí a bí ní ọdún 1891, dàgbà nínú ilé olùfọkànsìn. Orin Kabir ni bàbá rẹ̀ ń kọ. Àwọn tó kọ ìtàn ayé rẹ̀ sọ pé nígbà tí ìyàwó rẹ̀, Ramabai, fẹ́ lọ sí Pandharpur, ó kọ̀ fún un, nítorí pé ìta ni wọn yóò dá a dúró sí. Ramabai kú ní ọdún 1935 láìfojú kan Vitthal.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1930, Ambedkar kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lọ sí ẹnu-ọ̀nà tẹ́ḿpìlì Kalaram ní Nashik láti béèrè ìwọlé. Wọn kò ṣílẹ̀kùn fún wọn. Lẹ́yìn ìjàkadì ọdún díẹ̀, ó kéde ní Yeola ní ọdún 1935 pé bí a tilẹ̀ bí òun sí ẹ̀sìn Híńdù, òun kò ní kú sínú rẹ̀. Ìwé rẹ̀ lórí ìpilẹ̀ṣẹ̀ àwọn tí a kì í fọwọ́ kàn jáde ní ọdún 1948; ó fi sọrí Nandanar, Ravidas àti Chokhamela. Ó bọ̀wọ̀ fún àwọn ẹni mímọ́ náà, ṣùgbọ́n kò gbà pé ìfọkànsìn wọn ti tó. Lójú tirẹ̀, pé wọ́n buyì fún ẹni mímọ́ kan kò yọ àwọn ènìyàn rẹ̀ nínú ẹ̀gàn. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 1956, ní Nagpur, òun àti ọ̀pọ̀ ọ̀kẹ́ ènìyàn di ẹlẹ́sìn Búdà.

Àwọn mìíràn gba ọ̀nà inú ilé. Ní oṣù Kárùn-ún ọdún 1947, Sane Guruji, òǹkọ̀wé tó ti ṣe olùkọ́ ilé-ìwé rí, gbààwẹ̀ ní Pandharpur pé òun kò ní jẹun àfi bí wọ́n bá ṣí tẹ́ḿpìlì náà fún gbogbo ènìyàn. Ọdún náà ni ilẹ̀kùn Vitthal ṣí fún àwọn Mahar. Òfin ilẹ̀ Íńdíà ti ọdún 1950 fi òpin sí àìfọwọ́kàn ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Ní ọdún 2014, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ilẹ̀ náà fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àwọn ìdílé Badve àti Utpat, tí wọ́n ń jogún iṣẹ́ àlùfáà tẹ́ḿpìlì náà, kò ní ẹ̀tọ́ náà mọ́. Lẹ́yìn èyí, wọ́n pe àwọn obìnrin àti àwọn tí kì í ṣe Brahmin wá sínú iṣẹ́ náà.

Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé ìyánhànhàn fún ìdáǹdè nínú ẹ̀sìn Híńdù kò dúró sójú kan. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ìfẹ́ láti bọ́ lọ́wọ́ ayé. Bhakti sọ ọ́ di ìfẹ́ láti wà nítòsí Ọlọ́run. Èdè abínibí ni ó jẹ́ kí ìyípadà náà ṣeé ṣe, nítorí pé ìlérí tí ènìyàn kò gbọ́ kò lè tú u sílẹ̀. Èyí jẹ́ ẹ̀rí tó yẹ kí olùkọ́ èdè máa rántí.

Ṣùgbọ́n ìtàn Pandharpur fi hàn pẹ̀lú pé orin lè dé ibi tí ẹsẹ̀ akọrin kò dé. Àwùjọ lè gba orin ẹni kan wọlé, kí ó sì fi ẹni náà sílẹ̀ ní ìta. Ó yẹ kí olùkọ́ tó bá ń kọ́ni ní ìtàn ẹ̀sìn kankan béèrè ohun méjì: kí ni ẹ̀sìn náà sọ nípa ẹni tó lè wọlé, àti ta ni ó dúró sí ìta nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́? Àwọn Varkari ṣì ń tẹ àtẹ̀gùn Namdev kọjá lọ́dọọdún. Ibojì Chokhamela ṣì wà níwájú rẹ̀, níbi tí wọ́n fi í sí.